Kámpánì ti kọ̀yìn sí ìdíje géèmù yín? Bẹ́ ẹ ṣe máa gbé e dúró rèé

Aṣọ àyálò ni ìdíje tí kámpánì ń sanwó ẹ̀, ẹni tó ni ín lè ní kẹ́ ẹ bọ́ ọ láàárín ọjà. Ní December 13, 2018, kámpánì Blizzard kàn gbé ìkéde síta pé HGC, ìdíje àgbà fún géèmù wọn, Heroes of the Storm, ò ní wáyé mọ́ ní 2019, tòun ti èyí táwọn ọmọ yunifásítì ń gbá, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi géèmù yẹn jẹun ló jẹ́ pé ìkéde táráyé kà náà làwọn kà. Ó mà le o.

Tó bá kàn yín, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ lórí Twitter. Ẹ kọ́kọ́ lọ da fídíò àwọn ìdíje tó ti kọjá, èsì àti ìwé òfin ẹ̀ sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà yín kí wọ́n tó ti wẹ́ẹ̀bù yẹn pa.

Lẹ́yìn náà, ẹ wò ó, server ta lẹ ń lò, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé géèmù náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Heroes of the Storm ò lè ṣiṣẹ́ láìsí ti Blizzard, ṣùgbọ́n torí pé wọn ò pa á, àwọn ará Heroes Lounge, líìgì táwọn tó ń gbá a dá sílẹ̀ fúnra wọn, ṣì rí custom game ṣí, ìyẹn géèmù téèyàn fúnra ẹ̀ pe àwọn tó máa gbá a sí, líìgì wọn sì ń lọ lẹ́yìn tí HGC kásẹ̀ nílẹ̀. Super Smash Bros. Melee tí Nintendo ní ní tiẹ̀, géèmù 2001, ẹ̀rọ géèmù GameCube, pádì àti tẹlifíṣọ̀n onídìí-ńlá ayé ìgbà yẹn ti tó, kò sẹ́ni tó lè dédé pa á mọ́ yín lọ́wọ́.

Ibi tí wàhálà wà gan-an ni òfin, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kà á dáadáa. Nintendo ò fi bẹ́ẹ̀ náwó sórí Melee rí, síbẹ̀ ní November 2020 wọ́n dá ìdíje Melee kan tó ń jẹ́ The Big House dúró, torí pé Slippi, ètò orí kọ̀ǹpútà kan, làwọn tó ṣètò ẹ̀ fẹ́ fi gbá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀dà géèmù tí wọ́n dà sórí kọ̀ǹpútà ni Slippi sì ń lò. Láti November 2023, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe ìdíje géèmù wọn láì gba ìwé àṣẹ, èèyàn ò gbọdọ̀ ju 200 lọ lójúkojú, 300 lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀bùn ò sì gbọdọ̀ ju $5,000 lọ. Ó ń bínú èèyàn, àmọ́ ìdíje ẹlẹ́ni 40 ò nídìí láti bẹ̀rù ìyẹn.

Owó ńkọ́? Iye tẹ́ ẹ bá dá jọ náà ni kẹ́ ẹ pè ní ẹ̀bùn, ẹ má ṣèlérí owó tí kò tíì wọlé, kẹ́ni méjì sì máa rí àkáǹtì yẹn. Ẹ má gbé gbogbo iṣẹ́ lé ẹnì kan lórí o, ọjọ́ tó bá sú u, ó parí nìyẹn.

Ẹ mú ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, bíi alẹ́ Thursday, ẹ má yí i padà. Tó bá jẹ́ èèyàn mẹ́rin péré ló wá, ẹ ṣáà gbá a, kẹ́ ẹ gbé fídíò ẹ̀ síta, torí ẹni tó ń wá géèmù yẹn kiri ò mọ̀ pé ẹ ṣì wà níbẹ̀.