Tí wọ́n bá fẹ́ kọ́ dátà sẹ́ntà sádùúgbò yín l'Abẹ́òkúta, ohun tẹ́ ẹ máa ṣe rèé

Ẹ̀yin èèyàn wa, tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ pé wọ́n ń wálẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́ dátà sẹ́ntà sí, ìyẹn ilé ńlá tí wọ́n ń to kọ̀ǹpútà rẹpẹtẹ sí kí íntánẹ́ẹ̀tì lè máa ṣiṣẹ́, ẹ yáa tètè pe ìpàdé CDA o, torí tí katapílà bá ti wọlé ẹ̀pa ò bóró mọ́. Èmi fẹ́ kí dátà sẹ́ntà náà wá, àmọ́ kí gbogbo àdéhùn wà nínú ìwé.

Ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Tó bá jẹ́ ìjọba ló gbà á, Òfin Ilẹ̀ tọdún 1978 ní owó ilé àti ohun ọ̀gbìn ni wọ́n máa san, kì í ṣe iye tílẹ̀ yẹn ń lọ lọ́jà, torí náà kí kálukú lọ ka ọ̀pẹ, kòkó àti ẹ̀gẹ́ tó wà lóko ẹ̀, kó ya fọ́tò ẹ̀, kó kọ déètì sí i, kó fún Baálẹ̀ ní ẹ̀dà kan.

Lẹ́yìn náà, ẹ bèèrè EIA, àyẹ̀wò ohun tíṣẹ́ náà máa ṣe sí omi, afẹ́fẹ́ àti àwa èèyàn, ọdún 1992 lòfin ẹ̀ ti wà. Tí ìjọba bá gbé e síta fáráàlú, ọjọ́ iṣẹ́ 21 péré lẹ ní láti kà á kẹ́ ẹ sì kọ̀wé sí wọn, ẹ tètè yan àwọn tó máa túmọ̀ ẹ̀ fáwọn ìyá wa. Tí ọ́fíìsì ìjọba kan bá ń fi ìwé pamọ́, ẹ fi Òfin FOI 2011, ìyẹn òfin tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti rí ìwé ìjọba, bèèrè, ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti fèsì, ẹ ò tiẹ̀ ní láti sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe.

Omi ló ń bà mí lẹ́rù jù. Àwọn kọ̀ǹpútà yìí máa ń gbóná gan-an, àwọn kan ń fi afẹ́fẹ́ pa ooru ẹ̀, àwọn míì omi ni. Ní The Dalles, ìlú kékeré kan ní Oregon l'Amẹ́ríkà, dátà sẹ́ntà Google lo ju ìdá kan nínú mẹ́rin omi ìlú lọ́dún 2021, ọ̀rọ̀ sì dé kóòtù kí wọ́n tó gbé iye ẹ̀ síta. Àwa tá a wà lórí àpáta ńkọ́, tó jẹ́ inú pàlàpálá òkúta ni bọ́hóòlù wa ti ń rómi? Ẹ bi wọ́n: ṣé odò Ògùn lẹ máa fà àbí ilẹ̀ lẹ máa gbẹ́, lítà mélòó lójúmọ́, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé ńkọ́?

Iná náà ńkọ́. Ní Ireland lọ́dún 2023, tá a bá pín iná tí gbogbo ìlú lò sí 100, 21 ló lọ sí dátà sẹ́ntà. Kí wọ́n ní fídà, ìyẹn wáyà ńlá tó ń gbé iná wá, tiwọn, kí wọ́n má so mọ́ tàdúgbò. Wọ́n tún máa ń ní jẹnẹrétọ̀ ńlá tó ń jẹ dísù, wọ́n á máa tàn án wò kódà tí iná bá wà, èmi tí jẹnẹrétọ̀ máàsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ò jẹ́ kí n sùn fọ́dún mẹ́ta mọ ohun tí mò ń sọ.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣèlérí, ìgbà ìkọ́lé ló pọ̀, tí wọ́n bá kọ́ ọ tán èèyàn díẹ̀ ló kù níbẹ̀, torí náà ẹ ní kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ yín níṣẹ́ náà. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà tẹ́ ẹ fúnra yín gbà yẹ àdéhùn wò kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i, kí iye lítà omi, aago tí wọ́n lè tan jẹnẹrétọ̀ àti owó ìtanràn wà nínú ẹ̀, kí CDA tọ́jú ẹ̀dà kan.