Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Ń Ba Kọfí Jẹ́ Kí Omi Tó Kàn Án

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé ẹ̀rọ espresso tuntun, ìyẹn èyí tí ń fi agbára ti omi gbígbóná gba inú ìyẹ̀fun kọfí kọjá, wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Tánkè, nílùú Ìlọrin, ó ní ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́ nítorí pé kọfí tí ó ń tú jáde korò bí ewúro. Mo yẹ ẹ̀rọ náà wò síwá sẹ́yìn, n kò rí àléébù kankan lára rẹ̀. Nígbà tí mo béèrè kọfí tí ó ń dà sínú rẹ̀, ó fa ọ̀rá ìyẹ̀fun kan yọ nínú àpò rẹ̀, èyí tí wọ́n ti lọ̀ láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́, tí wọ́n sì fi rọ́bà so lẹ́nu. Owó tí ọmọ yìí ná lórí ẹ̀rọ náà tó owó ilé ọdún kan. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń yan kọfí tà, bẹ́ẹ̀ ni irú èyí ò yéé ṣẹlẹ̀, nítorí náà bí ohùn mi bá le díẹ̀, ẹ forí jì mí.

Èkíní ni kí a máa ra ẹ̀rọ kí a tó mọ kọfí tí a fẹ́ rà. Kóró kọfí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yan a máa tú afẹ́fẹ́ carbon dioxide sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, afẹ́fẹ́ yìí ló sì ń mú kí ìyẹ̀fun rẹ̀ wú, kí ó hó, nígbà tí omi gbígbóná bá kọ́kọ́ bà á. Bí tiyín bá kàn jókòó sínú omi bí erùpẹ̀, ẹ̀mí ti bọ́ lára rẹ̀. Ẹ wá ọjọ́ tí wọ́n yan án lára ọ̀rá. Bí kò bá sí níbẹ̀, tí ẹni tí ń tà á kò sì lè sọ ọ́, ẹ máa bá ọ̀nà yín lọ.

Èkejì ni fíríìjì. Kọfí a máa fa ọ̀rinrin àti òórùn mọ́ra, kò sì sí bí ẹja ṣe máa wà nínú fíríìjì tí iná ń lọ tó ń bọ̀ tí kọfí kò ní gbọ́ sí i. Agolo tí ó dé dáadáa, nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí oòrùn kò dé, ti tó.

Ẹ̀kẹta ni lílọ̀, ibí gan-an sì ni ẹjọ́ mi wà.

Kí ẹ má baà rò pé mo kàn ń bá yín wí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti èmi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, n kò ní ẹ̀rọ ìlọ̀ kankan, mo bá gbé kílò méjì kọfí tí mo fi ọwọ́ ara mi yan tọ oníẹ̀rọ èlùbọ́ lọ ní ọjà Ìpàta. Bàbá oníẹ̀rọ wò mí, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé àgbàdo tó jóná nìyí?” Mo ní kọfí ni, ó mirí, ó sì dà á sẹ́nu ẹ̀rọ. Ìyẹ̀fun tí ó jáde gbóná débi pé n kò lè fọwọ́ kàn án. Gbogbo òórùn dídùn tí mo fẹ́ tà ti gba ojú ọjà lọ, àwọn tó wá ra ata ń gbádùn rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tí ó kù fún mi ń ta èlùbọ́ lẹ́nu. Ìyá tí ó tò lẹ́yìn mi rí mi ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó dá mi dúró, ó ní àmàlà òun ń rùn bí nǹkan tó jóná, ọkọ òun kò sì jẹ ẹ́. Mo bẹ̀bẹ̀ títí, mo sì ra èlùbọ́ mìíràn fún un.

Lẹ́yìn náà ni mo bọ́ sọ́wọ́ bílẹ́ńdà, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú yín wà lónìí. Ẹ da ohun tí ó lọ̀ sórí àwo funfun, kí ẹ wò ó dáadáa: ẹ ó rí ìyẹ̀fun tí ó kúnná bí àtíkè, ẹ ó sì rí ìlàjì kóró tí abẹ kò tilẹ̀ kàn. Omi a máa yára fa gbogbo ohun inú èyí tí ó kúnná jáde, títí kan ìkorò rẹ̀, kò sì ní tíì ráyè wọ inú èyí tí ó tóbi, tí ó fi jẹ́ pé adùn kíkan nìkan ni yóò rí fà jáde níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ife kan ṣoṣo fi lè korò kí ó sì tún kan. Ẹ̀rọ ìlọkọfí gidi ní irin eléyín méjì tí wọ́n kojú ara wọn bí ọlọ àti ọmọ ọlọ. Àlàfo àárín wọn ni ẹ máa ń fẹ̀ tàbí fún, kóró tí kò bá sì tíì kéré tó kò ní ráyè kọjá. Èyí tí a ń fi ọwọ́ yí kò wọ́n bí àwọn ẹ̀rọ tí ẹ ń dù, kò sì bìkítà bóyá iná wà tàbí kò sí. Ẹ jẹ́ kí ó rí wóróworo bí gàrí fún French press, ìyẹn jọ́ọ̀gì tí a fi ń tẹ ìyẹ̀fun kọfí mọ́lẹ̀ nínú omi, kí ó rí bí iyanrìn fún bébà asẹ́, kí ó sì súnmọ́ èlùbọ́ fún espresso. Ìwọ̀nba tí ẹ fẹ́ mu lójú ẹsẹ̀ ni kí ẹ lọ̀.

Omi tí ó ń hó gùdùgùdù ńkọ́? Ẹ gbé kẹ́tù kúrò lórí iná, kí ẹ dúró díẹ̀. Ìwọ̀n 90 sí 96 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló dára.

Ẹ yé fi síbí wọn kọfí, torí síbí ilé yín kì í ṣe síbí ilé mi. Gíráàmù 60 sí lítà omi kan ni mo ń lò, èyí tí ó jẹ́ gíráàmù 30 sí píọ̀ wọ́tà 50cl kan.

Àwọn kan gbà pé bí kọfí bá ṣe dúdú tó ni agbára rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Irú kóró ló ń pinnu ìyẹn jù: kaféènì, èròjà tí ń lé oorun lọ, tí ó wà nínú irú tí wọ́n ń pè ní Robusta fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ti Arabica. Kọfí agbègbè Kàbà, tí ó bá wa wà ní Kwara títí di ọdún 1991, Robusta ni; ti orí òkè Mambilla ní Tàràbà, Arabica ni. Ẹni tí ó ra ti Kàbà tí ó ń retí adùn bí ti èso kò ní rí i. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ gan-an pẹ̀lú mílíìkì àti àkàrà gbígbóná, ẹni tí kò bá sì fara mọ́ ọn lè fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún mi.

Bí dókítà bá ti bá yín sọ̀rọ̀ nípa ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ẹ máa lo bébà asẹ́, nítorí pé ó ń dá òróró inú kọfí tí ó ń fi kún ọ̀rá náà dúró.

Ẹ má tún kọfí àárọ̀ gbé kaná.

Ẹni tí ó mu ife méjì lẹ́yìn ìrun Ìṣáì kò gbọdọ̀ wá bá mi pé oorun kò wá, nítorí pé lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí márùn-ún, ìdajì kaféènì náà ṣì wà lára. Àwọn bàbá wa tí ń jẹ obì mọ èyí, kaféènì kan náà ló wà níbẹ̀. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí náà mu ún lálẹ́ àwẹ̀ kan kí n má baà sùn kọjá sààrì. N kò sùn rárá, ọ̀sán ọjọ́ kejì ni mo wá sùn lórí káúńtà níwájú àwọn oníbàárà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ọjọ́ yẹn yóò padà wá ní Sátidé. Mo ní kí ó fi ẹ̀rọ rẹ̀ sílé. Ìyẹ̀fun inú ọ̀rá rẹ̀, mo ti bá a dà á sídìí ata rodo tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.