Bí mo ṣe kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ICU (wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le gan-an) láti dá delirium mọ̀, ní Ìkòròdú

Aláìsàn tó ń fa páìpù ọ̀fun rẹ̀ yọ kì í ṣòro mọ̀; gbogbo wọ́ọ̀dù ló máa gbọ́. Èyí tó dákẹ́, tó ń wo àjà, tí nọ́ọ̀sì kọ "ara wọn balẹ̀" sí fáìlì rẹ̀, òun gan-an ni mo torí rẹ̀ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí nílé ìwòsàn kan ní Ìkòròdú. Delirium ni kí ọpọlọ ṣàdédé dàrú nítorí àìsàn. Kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe arúgbó tó ń ṣarán.

CAM-ICU, ìdánwò delirium tí dókítà Wesley Ely àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2001, la lò, àmọ́ RASS, òǹkà tó ń sọ bí aláìsàn ṣe jí sí, ni mo fi bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe ti ń wá. Ó bẹ̀rẹ̀ láti +4, ẹni tó ń báni jà, gba 0, ẹni tó jí tí ara rẹ̀ balẹ̀, dé -5, ẹni tí kò mira rárá. Ẹ kọ́kọ́ dúró wò ó. Tí kò bá lajú, ẹ pe orúkọ rẹ̀, kí ẹ ní kó wo yín. Bó bá wò yín lójú ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ, -1; bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, -2; bó bá mira tàbí lajú láì wojú yín, -3. Tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ mì í léjìká tàbí ra á láyà ló tó mira, -4. Ẹ má dán ẹni tó wà ní -4 tàbí -5 wò. Ẹ padà wá tó bá yá. Àwọn kan máa ń mi aláìsàn kí wọ́n tó pè é. Ìyẹn ba òǹkà jẹ́ pátá.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ nínú CAM-ICU, ẹbí ni kí ẹ bi: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé bí Màmá ṣe máa ń ṣe nílé nìyí?" Ìyípadà òjijì là ń wá, tàbí èyí tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín wákàtí 24.

Lẹ́yìn náà ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú: "Màmá, ẹ fún ọwọ́ mi nígbàkígbà tí ẹ bá gbọ́ A." Ẹ wá máa pe S-A-V-E-A-H-A-A-R-T, lẹ́tà kan ní ìṣẹ́jú àáyá 3, ní ohùn kan náà. Ẹni tó ń gbóhùn sókè ní A ti sọ ìdáhùn fún un. H náà, ẹ pè é kó já geere, kó má baà jọ A létí. Tó bá fún ọwọ́ ní lẹ́tà mìíràn, tàbí tí kò fún un ní A, àṣìṣe kan nìyẹn. Bí àṣìṣe bá ju 2 lọ, kò lè fọkàn sí nǹkan. Ẹni tí kò kàwé náà lè ṣe é, etí ló ń lò.

Tí ìyípadà yẹn àti àìlèfọkàn sí nǹkan bá wà, tí RASS kì í sì í ṣe 0, delirium ni. Tó bá jẹ́ 0, ẹ bi í ní mẹ́rin, kó fi orí dáhùn: ṣé òkúta máa ń léfòó lórí omi? Ṣé ẹja wà nínú òkun? Ṣé kílò kan wúwo ju kílò méjì lọ? Ṣé a lè fi òòlù kan ìṣó? Ẹ wá na ìka méjì sí i, kó ṣe bẹ́ẹ̀, kó sì fi ọwọ́ kejì ṣe é láì tún nà á hàn án. Àṣìṣe tó ju 1 lọ, delirium ni.

Níbi ìbùsùn, méjì méjì ni wọ́n ń ṣe é, kálukú ń kọ tirẹ̀ láì wo ìwé ẹnì kejì. Níbi tí ìdáhùn bá ti yàtọ̀, RASS ni mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ẹ má kọ "CAM pọ́sítíìfù" kí ẹ sì kúrò níbẹ̀. Ẹ wo ọ́síjìn, ṣúgà, ibà, ìtọ̀ tó há, ìrora, àti oògùn amúnisùn bíi midazolam tàbí diazepam tó ń wọ ara rẹ̀. Ẹ sì béèrè gíláàsì ojú àti ẹ̀rọ etí tí àwọn ọmọ ti kó lọ sílé kó má baà sọnù. Kí wọ́n kó o padà wá lọ́jọ́ náà.