Ẹ má ba ẹja trout jẹ́ kó tó dé orí iná

Púpọ̀ nínú omi tí àwa tí a ń gbé ní Brooklyn àti Bronx nílùú New York ń mu, orí òkè Catskill ló ti ń ṣàn wá. Inú àwọn odò tó ń ti orí òkè náà sọ̀ kalẹ̀ ni ẹja trout ń gbé. Ẹja omi tútù ni. Bí omi bá gbóná kọjá 20°C, ara rẹ̀ kì í yá mọ́. Ẹran rẹ̀ rọ̀, adùn rẹ̀ kò sì le bíi ti ẹja òkun. Àwa tó jẹ́ pé ẹja àrọ̀, Títù àti pánlá la fi kọ́ bí a ṣe ń se ẹja, ọwọ́ tí a fi ń mú ẹja àrọ̀ náà la máa ń fi mú un. Lọ́dọọdún ni mo ń rí i tí ẹja dáadáa ń bàjẹ́ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́, púpọ̀ nínú wọn kó tó fojú kan iná.

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ẹja náà ṣeé pa. Ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 16 gbọ́dọ̀ gba láísẹ́ǹsì kó tó ju ìwọ̀ sódò ní ìpínlẹ̀ New York. Láísẹ́ǹsì nìkan kò sì tó. Ní àwọn ibì kan lórí odò Beaverkill àti Willowemoc, nítòsí ìlú Roscoe, dídá ni ẹ gbọ́dọ̀ dá gbogbo trout padà sínú omi láàyè. Pátákó wà létí odò, ẹ kà á. Nínú oríṣi trout mẹ́ta tó wà níbẹ̀, brook trout nìkan ni onílé. Rainbow ti California wá, ẹyin brown trout ni wọ́n sì kó láti Jámánì wá lọ́dún 1883. Bí mo bá mú brook trout, mo máa ń tú u sílẹ̀, àfi bó bá ti gbé ìwọ̀ mì tí kò lè yè mọ́. Ó kéré, ilé rẹ̀ ló sì wà.

Ẹ má sì rò pé gbogbo omi tó mọ́ lójú ló mọ́ nínú. Láti 1947 títí di 1977 ni iléeṣẹ́ General Electric fi ń da kẹ́míkà olóró tí wọ́n ń pè ní PCB sínú odò Hudson. Títí di òní, láti Hudson Falls dé Troy, kò sí ẹja kankan tí òfin gbà kí ẹ mú lọ sílé nínú odò náà. Kò sí bí ẹ ṣe lè se ẹja tí kẹ́míkà yìí yóò fi tán nínú rẹ̀.

Tí ẹ bá ti pinnu láti jẹ ẹ́, ẹ má jẹ́ kó máa jà lórí ilẹ̀. Ẹ fi igi kékeré kan gbá a lórí, lẹ́yìn ojú, kó kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹja tó jà pẹ́ kó tó kú, ẹran rẹ̀ kì í dára tó. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ẹ̀mí ló ní, kò sì ṣẹ̀ wá.

Àṣìṣe tó dùn mí jù ni ti ọ̀rá. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ pẹ̀lú àbúrò mi, ẹja mẹ́ta la mú ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà. A dì wọ́n sínú ọ̀rá, a so ó mọ́ báàgì, a sì ń bá ìpẹja lọ títí oòrùn fi kan àtàrí. Nígbà tí a tú u, ikùn wọn ti rọ̀, egungun ìhà ti ń yọ kúrò lára ẹran, òórùn rẹ̀ sì ti yàtọ̀. A kò lè jẹ ọ̀kankan nínú wọn. Ohun tó wà nínú ikùn trout ló ń jẹ ẹran rẹ̀ láti inú síta nígbà tó bá kú, ooru inú ọ̀rá sì ń mú un yára. Bí ẹ kò bá ní kúlà pẹ̀lú áìsì, ẹ fi koríko tútù bò ó lábẹ́ ìbòòji, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i. Ẹ má tì í sínú omi odò kó máa rẹ síbẹ̀. Ẹja tó ti kú tó bá rẹ sínú omi, yóò rọ̀ bí búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì.

Ẹ tètè la ikùn rẹ̀, kí wákàtí kan má kọjá. Láti ihò ìdí títí dé abẹ́ àgbọ̀n, kí ọ̀bẹ má wọlé jìn. Ẹ fa ìfun jáde, ẹ sì yọ àwọn ohun pupa tó fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí kúrò. Lẹ́yìn náà ni ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé: ìlà ẹ̀jẹ̀ dúdú kan wà tó lẹ̀ mọ́ egungun ẹ̀yìn nínú ikùn. Ẹ fi èékánná àtàǹpàkò fá a láti òkè dé ìsàlẹ̀ títí yóò fi mọ́. Ìlà yẹn ló ń mú kí ẹja korò, òun náà ló sì kọ́kọ́ ń rà.

Ìpẹ́ rẹ̀ kéré débi pé kò sí ìdí láti ha á. Àwọn tó ń bu álọ́ọ̀mù, iyọ̀ àti omi gbígbóná sí i kí ara rẹ̀ má bàa yọ̀, ẹja àrọ̀ nìyẹn tọ́ sí. Awọ trout fẹ́lẹ́ gan-an. Omi gbígbóná yóò bó o. Ọsàn wẹ́wẹ́ ńkọ́? Ẹ fún un sí i nígbà tó bá ti jinná. Tí ẹ bá fi rẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹran náà yóò funfun, yóò sì le kó tó kan iná.

Ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu pé ẹja lè jẹ́ tuntun jù fún páànù. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú máa ń ká kò bí ọrun bó bá ti kan òróró gbígbóná, ẹ̀gbẹ́ kan á jó, ìkejì á wà ní tútù. Ẹ fi ọ̀bẹ sín in ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, tàbí kí ẹ fi fọ́ìlì wé e, kí ẹ sì gbé e sórí ẹyín iná.

Ẹyín iná ni mo wí, kì í ṣe ọwọ́ iná. Ẹ dá iná náà sílẹ̀ ní nǹkan bí wákàtí kan ṣáájú, kí igi jó di pípọ́n. Igi páìnì ní oje, èéfín rẹ̀ dúdú, adùn ẹja á sì sọ nù sínú rẹ̀. Igi oak àti maple tó ti gbẹ ló dára. Ẹ má gbé igi láti ìlú wá, nítorí kòkòrò tó ń pa igbó: òfin ìpínlẹ̀ náà kò gbà kí igi tí wọn kò fi ooru tọ́jú rìn ju máìlì 50 lọ. Lórí òkè Catskill, bí ẹ bá ti gòkè kọjá ẹsẹ̀ bàtà 3,500, iná dídá kò sí mọ́.

Ẹ nu ẹja náà gbẹ dáadáa kó tó wọ páànù, nítorí ara tútù ló ń lẹ̀ mọ́ irin. Ẹ yí i nínú ìyẹ̀fun àgbàdo àti iyọ̀ díẹ̀, kí òróró gbóná, lẹ́yìn náà kí ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má máa yí i kiri. Èyí tó gùn tó ọwọ́ kan yóò jinná láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fa lẹ́bẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀: bó bá yọ wẹ́rẹ́, ó ti tó. Ẹni tó bá ní tẹmómítà, 63°C ni kó wò fún. Bí a ṣe ń dín ẹja gbẹ fún ọbẹ̀ kò yẹ é rárá, bẹ́ẹ̀ ni kọ́rì àti Maggi. Èmi náà fẹ́ràn ata rodo; ẹ lọ̀ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ máa fi ẹja tọ́ ọ.

Ẹ má jẹ ẹ́ ní tútù, bó ti wù kí omi náà mọ́ tó. Aràn wà nínú ẹja omi tí kò níyọ̀, ọsàn wẹ́wẹ́ kì í sì í pa á. Iná ló ń pa á, tàbí dídì ní -20°C fún ọjọ́ méje. Àwọn tó ń gbé ní Washington àti Oregon, ẹ má ju trout tàbí salmon tútù sí ajá yín. Kòkòrò kan wà nínú rẹ̀ níbẹ̀ tó ń fún ajá ní àìsàn tó lè pa á.

Níbi jíjẹ, ẹ má gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, egungun á tú ká sínú ẹran. Ẹ fi ọwọ́ ṣí ẹran ẹ̀gbẹ́ òkè kúrò, kí ẹ di ìrù mú, kí ẹ rọra gbé e sókè: gbogbo egungun á tẹ̀ lé e pẹ̀lú orí. Ẹran kékeré tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ẹ má jù ú nù. Ọmọdé ni mo máa ń fún.

Béárì dúdú wà lórí òkè yẹn, imú rẹ̀ sì mú ju ti ajá lọ. Ẹ má fi ìfun ẹja, egungun tàbí páànù ọlọ́ràá sílẹ̀ nítòsí àgọ́, ẹ má sì wọ aṣọ tí ẹ fi dín ẹja sùn. Ẹ da omi sí iná náà, ẹ rò ó pọ̀, ẹ tún da omi sí i, títí ẹ fi lè tẹ àtẹ́lẹwọ́ lé eérú rẹ̀ láìjó yín.