Bí A Ṣe Ń Ṣètò Ìrìn Kẹ̀kẹ́ Ìgbafẹ́ ní Etíkun Ìlú

Etíkun ìlú wà lára ibi tó rọrùn jù láti gun kẹ̀kẹ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ sábà máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, òkun wà lápá kan, ìlú wà lápá kejì, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí bí èèyàn ṣe máa ṣìnà. Ẹ ò nílò afinimọ̀nà, ẹ ò sì ní láti darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ kankan. Ohun tó máa ń ba ìrìn náà jẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé bí ọ̀nà ṣe gùn tó nìkan ni wọ́n rò, wọn ò ro ti afẹ́fẹ́. Níbi tí kò sí òkè, afẹ́fẹ́ ni òkè ibẹ̀. Torí náà, òun la ó fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo afẹ́fẹ́

Ilẹ̀ máa ń yára gbóná ju omi lọ. Tí oòrùn bá ti ń mú, afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ á gbóná, á fúyẹ́, á sì gòkè. Èyí tó tutù lórí òkun á wá máa fẹ́ wọlé láti rọ́pò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí etíkun fi sábà máa ń pa rọ́rọ́ láàárọ̀ kùtù, tí afẹ́fẹ́ á sì wá máa le sí i tó bá di ọ̀sán. Ẹni tó jáde lágogo 7 àárọ̀ àti ẹni tó jáde lágogo 2 ọ̀sán lè gba ọ̀nà kan náà, kí ìyà tó jẹ èkejì má ṣe é fi wé ti èkíní. Àárọ̀ lèmi fara mọ́: oòrùn ò tíì mú, èrò ò sì tíì pọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ yẹ ojú ọjọ́ wò lórí fóònù yín. Ẹ má wo ti òjò nìkan. Ẹ wo bí afẹ́fẹ́ ṣe máa yára tó, kẹ́ ẹ sì wo ibi tó ti ń bọ̀. Tí kò bá tó kìlómítà 15 ní wákàtí kan, ẹ ò ní í níṣòro. Tó bá ti ń sún mọ́ 30, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún ìrìn náà sí ọjọ́ mìíràn, àfi tí ẹsẹ̀ yín bá ti mọ́ kẹ̀kẹ́ dáadáa. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ ni wọ́n fi ń pè é o: afẹ́fẹ́ ìwọ̀ oòrùn, láti ìwọ̀ oòrùn ló ti ń bọ̀, kì í ṣe pé ibẹ̀ ló ń lọ.

Ẹ wá yan apá tẹ́ ẹ máa kọrí sí. Ẹ kọjú sí afẹ́fẹ́ ní àlọ, kó lè máa tì yín lẹ́yìn ní àbọ̀. Ẹni tí afẹ́fẹ́ bá tì lọ kì í mọ̀ pé òun ti jìnnà. Ìgbà tó bá yí kẹ̀kẹ́ padà ló máa tó mọ̀, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ nígbà yẹn.

Ẹ fi aago wọn ọ̀nà

Ẹni tó ń fi ẹ̀sọ̀ gun kẹ̀kẹ́ lè rin kìlómítà 12 sí 15 ní wákàtí kan. Tẹ́ ẹ bá fi ìdúró, fọ́tò àti omi mímu kún un, á wálẹ̀ sí bíi 8 tàbí 10. Ìyẹn ni pé kìlómítà 20, àlọ àtàbọ̀, máa gbà tó wákàtí méjì sí méjì àbọ̀. Ẹni tó ti pẹ́ tó ti gun kẹ̀kẹ́ gbẹ̀yìn, kìlómítà 10 tó o.

Àwọn ọ̀nà kan gùn gan-an. Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ Marvin Braude tó gba etíkun Los Angeles kọjá tó nǹkan bíi kìlómítà 35 ní àlọ nìkan, kò sì sẹ́ni tó ní dandan ni kẹ́ ẹ parí ẹ̀. Aago ni kẹ́ ẹ fi pinnu ibi tẹ́ ẹ ti máa yí padà. Tó bá jẹ́ wákàtí mẹ́ta lẹ ní, tí wákàtí kan àbọ̀ bá ti pé, ẹ yí padà níbikíbi tẹ́ ẹ bá wà. Tí afẹ́fẹ́ bá ti wà lẹ́yìn yín, àsìkò á ṣẹ́kù, ẹ lè wá fi jókòó wo òkun.

Ẹ ka ọ̀nà náà lórí máàpù

Ẹ ṣí àwòrán tí wọ́n yà láti ojú sánmà, kẹ́ ẹ sì fi ìka tọ etí òkun lọ díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ti já lẹ̀ ń wá: ẹnu odò, èbúté, òtẹ́ẹ̀lì tó gba gbogbo etíkun. Ibẹ̀ lẹ ti máa bọ́ sáàárín ọkọ̀, ibẹ̀ náà ló sì yẹ kẹ́ ẹ ti mọ bẹ́ ẹ ṣe máa kọjá kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Ẹ gba máàpù náà sílẹ̀ sórí fóònù, kẹ́ ẹ lè lò ó láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.

Òfin ò rí bákan náà níbi gbogbo. Ní Stanley Park, ọgbà ìgbafẹ́ kan ní Vancouver, ní Canada, apá kan náà ni gbogbo kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ kọjú sí bí wọ́n ṣe ń yí etí omi po, wọn ò gbọ́dọ̀ pàdé ara wọn. Ní Chicago, wọ́n ti ya ọ̀nà kẹ̀kẹ́ àti ti ẹlẹ́sẹ̀ sọ́tọ̀ ní etí adágún láti 2018. Ní Copacabana, ní Rio de Janeiro, wọ́n máa ń ti apá ọ̀nà tó wà létí òkun mọ́ àwọn ọkọ̀ lọ́jọ́ Sunday àti lọ́jọ́ ìsinmi, kí àwọn ará ìlú lè ráyè gbafẹ́. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n èrò á pọ̀. Ẹ wádìí ti ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ.

Tí ọ̀nà náà bá sún mọ́ omi gan-an, ẹ wo ìgbà tí òkun máa kún. Àsìkò tó ń kún máa ń fi nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú sún síwájú lójoojúmọ́ ní ibi tó pọ̀, nítorí náà ẹ má gbára lé ti àná.

Kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀

Ì báà jẹ́ tiyín, ì báà jẹ́ èyí tẹ́ ẹ yá, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó gùn ún. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí táyà gbà wà lára rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Táyà tó fẹ̀ ló dára jù níbi tí yanrìn wà. Ẹ di bíréèkì iwájú mú, kẹ́ ẹ sì ti kẹ̀kẹ́ síwájú: kò yẹ kí táyà iwájú yí. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń yáni létíkun ni kò ní bíréèkì lọ́wọ́ rárá, pẹ́dálì lẹ máa tẹ̀ sẹ́yìn kó tó dúró. Ẹ dán an wò níbi tí kò sí èrò.

Fún ìjókòó, ẹ gun orí kẹ̀kẹ́, ẹ gbé gìgísẹ̀ lé pẹ́dálì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹsẹ̀ yín gbọ́dọ̀ nà tán. Tí orúnkún bá ṣì ká, ìjókòó ti wálẹ̀ jù, orúnkún náà ló sì máa dùn yín lọ́jọ́ kejì.

Kẹ̀kẹ́ tó ń gba owó bí ìṣẹ́jú bá ṣe ń lọ kò bá irú ìrìn yìí mu, nítorí ẹ óò máa sáré kí owó má bàa gorí owó. Èyí tí wọ́n ń yáni fún odindi ọjọ́ ló dára jù. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ibi tó ti ha tàbí tó ti tẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbà á.

Ẹrù ò gbọ́dọ̀ pọ̀: akoto, omi, àgádágodo tó lágbára, owó díẹ̀, fóònù tó ní iná, àti ìpara tó ń dáàbò bo awọ lọ́wọ́ oòrùn. Ẹ tún ìpara náà fi ní wákàtí méjì méjì. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé yanrìn etíkun tó gbẹ máa ń ta nǹkan bí ìdá 15 nínú 100 ìtànṣán tó ń jó awọ padà sókè, ìfófòó òkun sì máa ń ta bíi 25. Afẹ́fẹ́ tútù kì í jẹ́ kéèyàn tètè mọ̀ pé oòrùn ti ń jó òun.

Lójú ọ̀nà

Ẹ ṣọ́ra fún yanrìn. Níbi tí àtẹ̀gùn etíkun bá ti bọ́ sójú ọ̀nà, afẹ́fẹ́ àti ẹsẹ̀ èèyàn á ti da yanrìn gbígbẹ síbẹ̀. Ó lè má nípọn ju ìka kan lọ, ṣùgbọ́n táyà iwájú lè yọ̀ lórí ẹ̀ lójijì. Ẹ dín eré kù kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti wà lórí ẹ̀, ẹ má fún bíréèkì iwájú, ẹ má yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ẹ jẹ́ kó yí lọ gbọọrọ títí tẹ́ ẹ fi máa kọjá. Tó bá nípọn, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kẹ́ ẹ tì í. Pákó tí omi ti rin náà ń yọ̀.

Ẹ tètè lu aago kẹ̀kẹ́ kẹ́ ẹ tó dé ẹ̀yìn ẹlẹ́sẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lù ú nígbà tẹ́ ẹ bá ti dé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ó lè fò wá síwájú yín. Tẹ́ ẹ bá rí ajá lápá kan, tẹ́ ẹ rí olówó ẹ̀ lápá kejì, ẹ gbà pé okùn wà láàárín wọn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dúró, ẹ kúrò lójú ọ̀nà pátápátá. Ẹ fi àgádágodo di ara irin kẹ̀kẹ́ náà mọ́ nǹkan tí kò ṣeé fà tu, ẹ má ṣe di táyà nìkan. Ẹ má sì tẹ́ kẹ̀kẹ́ sórí yanrìn, torí á wọ inú ṣéènì.

Tẹ́ ẹ bá délé

Iyọ̀ òkun wà nínú afẹ́fẹ́ etíkun, irin á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún láìjẹ́ pé omi òkun fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ yín. Lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ fi omi tí kò níyọ̀ ṣan gbogbo ara rẹ̀, kí omi náà má ṣe le jù, kó má bàa ti yanrìn wọ ibi tí irin ti ń yí. Ẹ fi aṣọ nù ún gbẹ, ẹ kán epo sí ṣéènì, ẹ yí pẹ́dálì sẹ́yìn díẹ̀ kí epo náà lè wọlé, kẹ́ ẹ sì nu èyí tó kù lára ẹ̀ kúrò.