Ẹgbẹ́ fẹ́ padà ṣeré, ohun èlò ò gbọ́ràn

Láti ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ àpàlà àtijọ́ ti ń pe ara wọn jọ padà l'Ẹ̀pẹ́ níbí, ẹnu èmi tí mo ń tún ohun èlò orin ṣe fẹ́ bó. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń gbé wá bi mí, ọ̀la sì ni òde wọn máa ń jẹ́.

Bàbá, gángan wa ò dún mọ́. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?
Ìgbà wo lẹ sá a sóòrùn gbẹ̀yìn? Ẹ lọ sá a ná.

A sá a, ó dún lọ́sàn-án. Ilẹ̀ ṣú, ó tún rọ̀.
Etí ọ̀sà lẹ ti fẹ́ ṣeré, kí lẹ ń retí? Awọ ewúrẹ́ ni, ó ń mu ọ̀rinrin. Ẹ gbé àdògán èédú sẹ́yìn ìtàgé, kẹ́ ẹ máa yá a níná láàárín orin kan sí èkejì. Ibi tí àtẹ́lẹwọ́ yín ò bá lè gbà, ẹ má gbé awọ débẹ̀.

Ọ̀ṣán gángan, okùn awọ ara rẹ̀, kan já, a ti so ó.
Ẹ tú u. Ọ̀ṣán tó ní kókó kì í fà dọ́gba, ohùn á máa ṣe ségesège. Ẹ gbé e fún Àyàn. Dídi ẹrù ọjà kọ́ nìyí.

Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Kò pariwo tó.
Àwọ̀n rẹ̀ ló ti dẹ̀. Ẹ tún un hun. Bí igbá bá ti sán, ẹ ra òmíràn.

Agídìgbo wa ń kùn bí oyin.
Háà! Agídìgbo, àpótí pákó onírin tí wọ́n ń fi ìka tẹ̀ yìí, fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi nínú iṣẹ́. Ẹgbẹ́ kan gbé tiwọn wá, ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù kí wọ́n ṣeré. Bí wọ́n bá ti tẹ irin tó gùn jù, á kùn fììì. Mo ní ó ti dógùn-ún, mo fi pépà oníyanrìn ha á. Ó ń kùn. Mo fún ọ̀pá tó di àwọn irin mú. Ó ń kùn, ohùn gbogbo wọn sì ti yí. Mo wá ń fà wọ́n síwá sẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí bí irin bá gùn, ohùn á lọ sílẹ̀, bó bá kúrú, á gòkè. Ó gbà mí ní odidi ọjọ́ kan. Mo ki ọwọ́ bọ ihò àpótí, mo bá kọ́bọ̀ àtijọ́ kan níbẹ̀, mo ní ọ̀tá ti bọ́ sọ́wọ́.

Ẹni tó ń lù ú dé, ó gbé e sí itan: fììì. Inú bí mi, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e ka tábìlì, mo tẹ̀ ẹ́. Kẹ́kẹ́ pa! Orí tábìlì ni mo ti ń tún nǹkan ṣe láti àárọ̀, orí itan ni wọ́n ti ń lù ú. Pákó ìsàlẹ̀ ló ti là díẹ̀ lára ẹ̀gbẹ́, bí irun orí báyìí. Tábìlì ń tì í pa dé, itan ń jẹ́ kó là. Mo fi gọ́ọ̀mù káfíńtà sí i, mo fi rọ́bà táyà dì í mọ́jú.

Bí tiyín bá ń kùn, ẹ má tíì fọwọ́ kan irin. Ẹ gbé e sí itan, kí ẹnì kan máa lù ú, kí ẹlòmíràn máa fi àtàǹpàkò tẹ gbogbo ibi tí pákó ti pàdé. Ibi tẹ́ ẹ bá tẹ̀ tó dákẹ́, ibẹ̀ ni.

Ṣé ẹ lè bá wa tún un láàárọ̀ ọjọ́ òde?
Rárá.