Bẹ́ ẹ ṣe máa gba ìrànlọ́wọ́ fún ọmọ tí ìdàgbàsókè ẹ̀ ń falẹ̀, tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà

Ọmọ pé ọdún méjì, kò tíì sọ̀rọ̀, kì í wojú èèyàn, ẹ̀gbọ́n kan á ní "bàbá ẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀", lẹ bá jókòó sílé. Ẹ dìde o.

Tí ò bá tíì pé ọdún 3, Early Intervention lẹ máa pè, ìyẹn ètò ìjọba tó ń ran àwọn ọmọ kéékèèké tí ìdàgbàsókè wọn ń falẹ̀ lọ́wọ́, gbogbo ìpínlẹ̀ ló ní i, ẹ̀yin òbí fúnra yín lè pè wọ́n, kò dìgbà tí dókítà bá kọ̀wé. Ọjọ́ 45 ni wọ́n ní láti yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n sì bá yín jókòó. Tó bá ti pé 3, ọwọ́ ilé ìwé ìjọba ló bọ́ sí, kódà kó má tíì wọ kíláàsì.

Ibi tá a ti ń ṣàṣìṣe nìyí: a máa lọ bá tíṣà lẹ́nu ọ̀nà, tíṣà á ní "a máa wò ó", ó parí síbẹ̀. Ẹ kọ ọ́! "Mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣàyẹ̀wò ọmọ mi fún special education" (ẹ̀kọ́ àkànṣe fún ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́), ẹ fi déètì sí i, ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́, ẹ tọ́jú ẹ̀dà.

Ní ìpàdé IEP, ìyẹn ibi tẹ́yin àti ilé ìwé ti máa kọ ètò ẹ̀kọ́ tó bá ọmọ yín mu, ẹ béèrè ògbufọ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má fi ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún 12 ṣe ògbufọ̀ o, gbogbo ọ̀rọ̀ tó máa dun màmá ẹ̀ ló máa fò. Kí wọ́n má sì fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan dán an wò: ọmọ tí ò mọ orúkọ ṣíbí ní Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ tẹ́ ẹ ní "mú ṣíbí wá" tó sáré mú un, yàtọ̀ sí èyí tí ò gbọ́ ọ lédè méjèèjì. Tẹ́nì kan bá ní kẹ́ ẹ pa Yorùbá tì nílé, ẹ má dá a lóhùn, èdè méjì kì í fa ìfàsẹ́yìn.

Ẹ̀rù pépà ìgbélùú ńkọ́? Láti 1982, nínú ẹjọ́ Plyler v. Doe, ilé ẹjọ́ tó ga jù ti ní ilé ìwé ìjọba ò lè lé ọmọ torí pé kò ní pépà. Medicaid (ètò ìjọba tó ń sanwó ìtọ́jú ìlera fáwọn tówó wọn ò tó) àti SSI (owó oṣooṣù tí ìjọba ń fún aláàbọ̀ ara tí ò lówó) ló máa ń béèrè pépà, ẹ bi lọ́yà ímígíréṣọ̀n kẹ́ ẹ tó sáìn fọ́ọ̀mù wọn.

Tẹ́ ẹ bá yege fún Medicaid, ẹ tètè forúkọ sílẹ̀ fún waiver, ìyẹn ètò Medicaid tó ń sanwó ìtọ́jú àti ìrànlọ́wọ́ fún ọmọ nílé, torí ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ọdún gbọọrọ lèèyàn fi ń tò, tẹ́ ẹ bá sì kó lọ sí ìpínlẹ̀ míì, ẹ̀yìn ìlà lẹ tún padà sí.